Mẹ́mọ̀rì Tí Mo Rà fún Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń ronú kí ó tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí ó ṣí ìwé kan, ó lè dìde lọ bu omi mu, kí ó kí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà, kí ó béèrè ara ọmọ onítọ̀hún, kí ó sì padà wá jókòó, kí ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọjú. Ọ̀rọ̀ yìí kò dun ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ló ń dùn.

"Mẹ́mọ̀rì rẹ̀ ló kéré," ni mo wí ní Ọjọ́rú kan tí mo yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bí àtẹ ni. Ẹni tí àtẹ rẹ̀ bá kéré, yóò máa gbé ọjà jáde, yóò máa gbé e wọlé, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ra èyí tó fẹ̀."

"Tèmi ò kánjú," ló dáhùn. "Ó ti dàgbà. Èmi náà ti dàgbà. A mọwọ́ ara wa."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè méjì ni mo gbà ní yunifásítì, ẹni tó bá sì gboyè méjì kì í tètè dákẹ́. Kò sí èyí tó kan kọ̀ǹpútà nínú méjèèjì. Nínú agbo ilé wa, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gboyè, gbogbo nǹkan ló mọ̀: ó mọ ìdí tí ẹsẹ̀ àgbà fi ń wú, ó mọ ìdí tí iná fi lọ, ó mọ ohun tí ìjọba ń rò lọ́wọ́. Púròfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Èmi kì í ṣe púròfẹ́sọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé. Nígbà kejì, mo wúkọ́. Nígbà kẹta, mo dáhùn.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi ní ti tirẹ̀, tíṣà gidi, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá iwájú ilé bàbá wa, tó kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, di ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni bàbá wa ti máa ń gbàlejò. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ló jókòó síbi tí àga rẹ̀ wà. Àpótí rẹ̀ tóbi, ó wúwo, gbogbo àdúgbò ló sì ń pe àpótí náà ní sípíyù. Mo ti ṣàlàyé lọ́pọ̀ ìgbà pé sípíyù kì í ṣe orúkọ àpótí, pé nǹkan pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró ni ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé Mùsùlùmí kékeré kan ní Oníyanrìn. Ààfáà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè gbogbo kíláàsì, á kó o wá bá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ ẹ́. Èdè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Lárúbáwá. Ṣọ́ọ̀bù méjì ní Oríta-mẹ́rin ti gbìyànjú iṣẹ́ náà rí. Èkíní tẹ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i. Èkejì tẹ Lárúbáwá láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, Ààfáà sì ní òun fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìtọrọ àforíjìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá ẹlòmíràn ṣe é mọ́ àfi ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Ó ku kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, mo gbé mẹ́mọ̀rì dé.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, lápá ibi tí mò ń gbé lẹ́bàá yunifásítì, ni mo ti rà á. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà béèrè lọ́wọ́ mi irú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ àti bó ṣe dàgbà tó. Mo ní kí ó ṣáà fún mi ní èyí tó dára jù. Ó wo bàtà mi, ó fún mi. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka àárín lọ púpọ̀, eyín wúrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèpo dúdú tó ń gbé ìrántí ẹ̀rọ dúró, bíi mélòó kan péré ló wà lára rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ti àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi kún fún èèpo dúdú níwájú lẹ́yìn bí àgbàdo tó gbó. Mo wò wọ́n, àánú wọn ṣe mí.

Àwọn oníbàárà méjì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń dúró de fọ́tòkọ́pì. Ìyẹn ló bà mí jẹ́. Bí mo bá dá wà, bóyá ǹ bá ṣe jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní àwọn tó ń wò mí, mo sì ń ṣàlàyé bí mo ṣe ń tú ìdè àpótí náà. Mo yọ mẹ́mọ̀rì àtijọ́ méjèèjì. Eruku wà nínú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀, nítorí eruku Bẹẹrẹ kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo bá mú àkísà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púríńtà, mo yí etí rẹ̀ bí òwú àtùpà, mo sì fi nu inú ihò méjèèjì dáadáa. "Ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ," ni mo wí. N kò mọ ibi tí mo ti rí gbólóhùn yẹn.

Mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Mo tan ẹ̀rọ.

Ó ké. Pí, pí, pí. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sí àwòrán, kò sí lẹ́tà.

Mo yọ tuntun, mo dá àwọn àtijọ́ padà sáyè wọn. Mo tún tan án. Pí, pí, pí.

"Ó ń ké," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mo gbọ́."

"Kì í ké tẹ́lẹ̀."

Àwọn oníbàárà méjèèjì dìde. Wọ́n ní àwọn á padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò wọ́n. Àpótí náà ló ń wò.

"Ìdánwò àwọn ọmọ yẹn wà nínú ẹ̀," ló wí.

Mo ní kí ó má bẹ̀rù, pé ohun tí a kọ pamọ́ sínú ẹ̀rọ kò sí lára mẹ́mọ̀rì, pé a lè yọ ibi ìpamọ́ rẹ̀, kí a lọ ṣí i nínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó rán mi létí pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí iná bà á jẹ́ ní ọdún tó kọjá. Ìwé náà ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà àtijọ́ tí òun ń lò kò sí nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, gbogbo àmì Yorùbá di àpótí kéékèèké, Lárúbáwá sì fọ́n ká bí ẹ̀wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ̀rọ yìí kò bá tàn kí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tó ṣú, kò ní sí ìdánwò ní Mọ́ńdè, Ààfáà á sì padà sí Oríta-mẹ́rin, yálà wọ́n mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Mo ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Oríta-mẹ́rin nìyẹn. Yóò ti tó ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó níyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta. Òun náà kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbì kankan. Kò wúkọ́ rí o. Èyí tó fi sàn jù mí ni pé ó mọ iṣẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, bí àwọn ọkùnrin tó ti ní ìdílé ṣe máa ń ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Púròfẹ́sọ̀."

Ó tẹ̀ ba àpótí náà, ó tan iná fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ya ẹnu. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi. Mo sọ fún un pé ó dá mi lójú pé iná tó ń wọlé ni kò tó. Ó pa ẹnu dé.

"Ó ṣeé ṣe, sà," ló wí.

A gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́nu jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ó ké. Mo ní á jẹ́ pé àpótí iná inú rẹ̀ ló ti kú. Ẹnjiníà gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé òmíràn wá, ó tú ti àtijọ́, ó de tuntun. Ó gba wákàtí kan. Ó ké. Mo ka ohun tí àwọn Òyìnbó kọ lórí fóònù mi sókè ketekete, lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà ń mi orí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ nǹkan tó jọ èrò tirẹ̀. Ó ní, "Sà, bí ẹ bá fún mi láyè, ṣé kí n kàn fi iná wo inú ihò mẹ́mọ̀rì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Mo ti nù ún," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo rí i pé ẹ nù ún."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa. N kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, Ààfáà yà wá láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó bá wa tí a da ẹ̀rọ náà ká sórí ẹní, bí ẹran tí wọ́n kun. Ó kí wa, ó wo ilẹ̀, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé á ṣeé ṣe, Tíṣà? Àwọn ọmọ Oríta-mẹ́rin yẹn tún wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ti ra ẹ̀rọ tuntun."

"Ẹ wá gbà á lọ́la, lẹ́yìn ìrun Alásárì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ṣé ẹ wá ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

Ààfáà lọ. N kò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbára lé. N kò rò pé èmi ni.

Ní Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ́ṣì dé tààrà, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹnjiníà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ti dé. Mo ti ka ìwé mọ́jú, mo sì ti rí ìdí mẹ́rin tuntun tí ẹ̀rọ lè fi máa ké. Mo jókòó sí àga tó dojú kọ àpótí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdí kìn-ín-ní. Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn mi, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ mi. Ẹnjiníà ló ń wò. Ó wò ó títí.

"Àbúrò," ló pè mí.

"Mà."

"Dìde. Lọ bá mi ra kán-ún wá ní Ọjà'ba."

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́. "Kán-ún?"

"Kán-ún. Èyí tó mọ́, kì í ṣe èyí tó kún fún yanrìn. Lọ bá ìyá àgbà tó máa ń jókòó nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn Màpó. Tí kò bá tíì dé, dúró dè é."

"Àǹtí mi, ẹ̀rọ yìí—"

"Ṣé o ò lè jẹ́ iṣẹ́ mi mọ́ ni?"

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé. Mo dìde, mo jáde, mo gun òkè lọ ra kán-ún. Kò sí oyè tí yunifásítì lè fúnni tí ẹ̀gbọ́n ẹni kò lè fi iṣẹ́ ọjà bọ́ lọ́rùn ẹni.

Ìyá oníkán-ún kò tíì dé lóòótọ́. Mo dúró. Àwọn ọlọ́jà ń kí mi, wọ́n ń béèrè ohun tí Púròfẹ́sọ̀ ń wá. Kán-ún ni mo wí. Wọ́n ní háà, ṣé fún ìwádìí ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kí ó bá mi sọ fún Ẹnjiníà pé kí ó gbìyànjú ìdí kejì.

"Ṣé ìyá ti dé?" ló bi mí.

"Rárá, mà."

Ó pa fóònù.

Nígbà tí mo fi rí kán-ún rà, tí mo sọ̀ kalẹ̀ padà, láti ìta ni mo ti ń gbọ́ púríńtà. Ó ń pọ bébà jáde, ó ń dún wòrò wòrò. Mo wọlé. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere, Lárúbáwá tò sórí rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì. Ẹnjiníà jókòó sí àga tí mo dìde kúrò lórí rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó fò dìde.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un.

"Kí ló ṣe é?" ni mo bi í.

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. "Ó kàn gbà náà ni, sà."

"Sọ fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti ní kí o sọ ọ́."

Ẹnjiníà na ìka sí bébà funfun kan lórí tábìlì. Fọ́nrán òwú kan wà láàárín rẹ̀, kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ. Àkísà tí mo fi nu ihò náà ló fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, eyín mẹ́mọ̀rì kò sì lè kanlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi fà á yọ.

"Èyí tuntun tí ẹ rà ńkọ́, sà," ló fi kún un, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "kò lè ṣiṣẹ́ nínú èyí láéláé. Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà. Èyí tí ẹrù rẹ̀ pín sórí èèpo púpọ̀ ló mọ̀ ọ́n kà. Tiyín kó ẹrù púpọ̀ sórí èèpo díẹ̀. Ó dára o, sà. Ó dára gan-an. Ọjọ́ orí wọn ni kò bára mu."

"Ìgbà wo lo rí òwú yìí?"

"Láti àná, sà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tan iná wò ó."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, sà."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé òjò ń rọ̀ ni.

"O ò bá ti dá mi lẹ́nu dúró."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó gbá mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi ló fèsì. "Ta ni á dá ìwọ lẹ́nu dúró? Èmi tí mo pọ̀n ọ́, ṣé mo rí i ṣe?"

Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ń to bébà lọ, kò gbójú sókè. Ó ní òun ti dúró níwájú àwọn ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú gbogbo kíláàsì ni ọmọ kan wà tó mọ ìdáhùn, tó sì jókòó sẹ́yìn èyí tó máa ń nawọ́. "Bí o bá fẹ́ gbọ́ tẹni tó mọ̀ ọ́n," ló wí, "o máa ní kí ẹni tó ń nawọ́ lọ pọn omi ni."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, n kò sì lè dá Ẹnjiníà lẹ́bi. Ká ní ó ti sọ ọ́ ní Sátidé pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ki òwú bọ inú ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ pé Ẹnjiníà rí Púròfẹ́sọ̀ fín. Màá sì sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀, pé n kò bínú, ní ohùn ẹni tó ń bínú. Ọ̀wọ̀ ló fi bò mí láti àárọ̀ títí di alẹ́, ó gbé àpótí iná wá, ó gbé e lọ, ó mi orí sí Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń kà. Ọ̀wọ̀ yẹn fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sì ń gbà á wọlé bí ẹni ń gba ẹ̀bùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé sítépílà lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rí fún mi nìyẹn: kí n máa so ìbéèrè pọ̀ lójú ewé méjì méjì. Mo ń so ó. Nígbà tí mo dé ti kíláàsì karùn-ún, mo rí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kẹta ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tí kò yẹ kí èèyàn ṣe nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Mo so ó pọ̀ kíá, mo mú òmíràn.

Lẹ́yìn Alásárì, Ààfáà dé. Ó mú ti Lárúbáwá lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún, ètè rẹ̀ ń mì. Ó mú ti Yorùbá, ó wo àwọn àmì. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá nítorí òjò tó ṣú, ó ṣàdúà fún wa, ó sì bọ́ sẹ́yìn ọlọ́kadà tó ń dúró dè é.

"Tíṣà," ló wí kí wọ́n tó gbéra, "ti sáà tó ń bọ̀, mo máa tètè kó o wá, kí ẹ̀rọ lè rí àyè mí."

"Ẹ kó o wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún yà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ kọ̀ǹpútà pé kí ó ṣí ìwé kan, ìwé náà sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Mo wo inú àpótí náà. Wọ́n ti fi mẹ́mọ̀rì àtijọ́ méjì mìíràn kún un nínú ihò méjì tó ṣófo tẹ́lẹ̀, eléèpo púpọ̀, láti inú ẹ̀rọ òkú kan ní ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà.

"Ìgbà wo lẹ ṣe èyí?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ ò pè mí."

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì ń tẹ ìwé rẹ̀ lọ. "Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."